Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Lè Mọ Ìwé Kà: Ọgbọ́n Wo Ni Kí Olùkọ́ Yàn?

Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta gba máàkì kan náà nínú ìdánwò, máàkì náà kò sì dára. Èkíní ti ka ìwé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èkejì kò ṣí ìwé títí di alẹ́ ọjọ́ tí ìdánwò ku ọ̀la. Ẹ̀kẹta ń jókòó ti ìwé lójoojúmọ́, àmọ́ kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, bó ṣe jókòó náà ló ṣe ń dìde. Bí olùkọ́ bá kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ, tó ní, "Ẹ tẹra mọ́ ìwé yín," kí ló fún wọn? Kò fún èkíní ní nǹkan kan, torí ọmọ yẹn ti tẹra mọ́ ọn tẹ́lẹ̀. Ó kàn dá kún ìbànújẹ́ rẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni èmi náà fi ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ìgbà tí mo ṣíwọ́ bíbi àwọn ọmọ pé "Ṣé ẹ kàwé?" tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n pé "Báwo lẹ ṣe kà á?" ni ojú mi tó là. Ohun tí à ń pè ní àìkàwé kì í ṣe àìsàn kan ṣoṣo. Orí fífọ́ ọ̀tọ̀, inú rírun ọ̀tọ̀, a kì í fi oògùn ọ̀kan wo èkejì. Nítorí náà ni mo ṣe gbé àwọn ọgbọ́n tí olùkọ́ sábà máa ń lò síwájú ara wọn níhìn-ín, méjì méjì, kí ẹ lè rí ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wúlò fún àti ibi tó ti máa ń já ni kulẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wá ìdí: ìjíròrò, bébà aláìlórúkọ, tàbí "kí ló fà á?"

Ọ̀nà mẹ́ta ni mo ti lò láti tú ìṣòro wò kí n tó wá ojútùú rẹ̀. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni kí gbogbo kíláàsì jókòó, kí kálukú máa sọ ohun tó bá wá sí i lọ́kàn. Alex Osborn, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣiṣẹ́ ìpolówó ọjà, ló tan ọ̀nà yìí kálẹ̀, pàápàá nínú ìwé tó gbé jáde ní 1953. Òfin rẹ̀ tó ṣe kókó jù ni pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá èrò kankan lẹ́jọ́ títí gbogbo èrò yóò fi jáde tán. Òfin yẹn dára, mo sì ń lò ó dòní. Ṣùgbọ́n ní 1958, Donald Taylor àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Yunifásítì Yale fi àwùjọ ẹlẹ́ni mẹ́rin wé ẹni mẹ́rin tí kálukú wọn dá ronú, tí wọ́n wá kó èrò wọn pọ̀. Àwọn tó dá ronú ló mú èrò tó pọ̀ jù wá. Kò yà mí lẹ́nu. Nínú kíláàsì, bí ẹnì kan bá ń sọ̀rọ̀, ṣe ni àwọn yòókù ń dúró, kó sì tó kàn wọ́n, wọ́n ti gbàgbé ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Ọmọ tó ń tijú kò sì ní dìde láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ní òun kì í lóye ohun tí òun ń kà.

Ìyẹn ló jẹ́ kí n fara mọ́ bébà aláìlórúkọ. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú márùn-ún, kí kálukú dáhùn ìbéèrè kan péré: "Kí ló máa ń ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tó o bá ṣí ìwé rẹ títí di ìgbà tó o bá pa á dé?" Kò sí orúkọ, kò sí máàkì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá kà á sókè, kí ìjíròrò bẹ̀rẹ̀, kí òfin Osborn sì ṣiṣẹ́: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi èsì ẹlòmíràn ṣẹ̀sín. Ẹ̀yin náà kò gbọdọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀, bó ti wù kí èsì náà bí yín nínú tó.

Ọ̀nà kẹta bá ọmọ kan ṣoṣo mu. Ilé-iṣẹ́ Toyota ní Jàpáánì ni wọ́n ti mọ̀ ọ́n jù, Taiichi Ohno sì wà lára àwọn tó tan án kálẹ̀: kí a máa béèrè "kí ló fà á?" títí dé ẹ̀ẹ̀márùn-ún, torí pé ìdáhùn àkọ́kọ́ kì í sábà jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀. Mo lò ó fún ọmọ kan tí kì í ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

"Kí ló fà á tí o kò ṣe é?"

"Mo gbàgbé ni."

"Kí ló fà á tó o fi gbàgbé?"

"N kò kọ ọ́ sílẹ̀."

"Kí ló fà á tí o kò fi kọ ọ́?"

"Tíṣà, ìgbà tí agogo ti lù lẹ sọ ọ́. Gbogbo wa ti ń kó ìwé sínú báàgì."

Kò tiẹ̀ dé ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ọwọ́ mi ni àṣìṣe ti wá, mo sì ti fi odindi sáà kan bá ọmọ yẹn wí. Láti ọjọ́ náà, ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì ni mo ti ń kọ iṣẹ́ àṣetiléwá sójú pátákó, kò sì ná mi ní nǹkan kan. Ohun tí ẹ ní láti ṣọ́ ni ohùn yín: bí ẹ bá béèrè "kí ló fà á?" bí ẹni ń wádìí olè, irọ́ ni ọmọ náà yóò pa fún yín. Ní ẹ̀gbẹ́ kan ni kí ẹ ti bi í, kì í ṣe lójú gbogbo kíláàsì.

Àkàtúnkà àti dídán ara ẹni wò

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró pẹ́ jù sí, torí ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́ yẹn wà, ẹni tó ka ìwé lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ní 2006, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní àyọkà kúkúrú láti kà. Wọ́n ní kí àwọn kan tún un kà. Wọ́n gba àyọkà náà lọ́wọ́ àwọn yòókù, wọ́n sì ní kí wọ́n kọ gbogbo ohun tí wọ́n bá rántí sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn tó tún un kà ló borí: wọ́n rántí ìdá 81 nínú 100, àwọn tó kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ sì mú ìdá 75. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ yí padà. Ìdá 42 ló kù lọ́wọ́ àwọn tó ṣe àkàtúnkà, ìdá 56 ló kù lọ́wọ́ àwọn tó dán ara wọn wò.

Ẹ wo iye yẹn dáadáa. Òun ló sọ ìdí tí àwọn ọmọ fi fẹ́ràn àkàtúnkà, tí ọ̀rọ̀ wa kì í fi í wọ̀ wọ́n létí. Lójú ẹsẹ̀, àkàtúnkà dára jù lóòótọ́! Ẹni tó ka ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kẹta yóò rí i pé ó ń yọ́ lọ lẹ́nu òun, ojú rẹ̀ ti mọ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan. Ojú ló mọ̀ ọ́n o, kò tíì wọ inú. Nígbà tí John Dunlosky àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́rin yẹ ọgbọ́n ìkàwé 10 wò ní 2013, àkàtúnkà àti fífi kálà fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ wà lára àwọn tí wọ́n fi sí ìpele ìsàlẹ̀. Méjì péré ni wọ́n fi sí òkè pátápátá: dídán ara ẹni wò, àti pípín ìkàwé sí ọjọ́ púpọ̀.

Báwo lẹ ṣe máa ṣe é? Kí ọmọ ka ojú ìwé kan, kó pa ìwé dé, kó mú bébà òfìfo, kó kọ ohun gbogbo tó bá rántí. Kó tún ṣí ìwé, kó fi bírò aláwọ̀ mìíràn kún ohun tó fò. Ohun tó fi bírò kejì kọ yẹn ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ ọ̀la. Bí kíláàsì yín bá ń kọ nótì, ẹ lè fi ọ̀nà tí Walter Pauk ti Yunifásítì Cornell gbé jáde ní àwọn ọdún 1950 kọ́ wọn: ìlà kan pín ojú ìwé sí méjì, nótì wà lápá ọ̀tún tó fẹ̀, ìbéèrè wà lápá òsì tó tín-ín-rín, àkópọ̀ kúkúrú wà nísàlẹ̀. Tí ọmọ bá fi ọwọ́ bo apá ọ̀tún, tó ń dáhùn ìbéèrè apá òsì, ó ti ń dán ara rẹ̀ wò nìyẹn láìsí olùkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìkìlọ̀ méjì. Ẹ má fi máàkì sí i. Ní kété tí máàkì bá ti wọ̀ ọ́, ẹ̀rù á dé, ọmọ á máa yọjú wo bébà ẹnì kejì. Èkejì: ohun tí kò yé ọmọ kò ṣeé rántí. Bí ẹ̀kọ́ náà bá ṣì ṣókùnkùn sí i, ẹ jẹ́ kó tún un kà, kó sì béèrè, kí ìdánra-ẹni-wò tó bẹ̀rẹ̀. Fún ọmọ tí ìwé kíkọ ṣòro fún, kó fi ẹnu sọ ọ́ fún ẹnì kejì rẹ̀. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Kíkà mọ́jú àti kíkà díẹ̀díẹ̀

N kò ní purọ́ fún yín pé kíkà mọ́jú kò wúlò. Fún ìdánwò ọ̀la, ó lè gbà wọ́n. Àwọn ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí a bá sì sọ òdìkejì rẹ̀, wọn kò ní gbà wá gbọ́ mọ́. Ibi tó ti ń ṣe wọ́n léṣe ni oṣù tó ń bọ̀, nígbà tí ẹ̀kọ́ tuntun bá gun orí èyí tí wọ́n ti gbàgbé.

Hermann Ebbinghaus, ọmọ Jámánì, fi ara rẹ̀ ṣe ìdánwò, ó kọ́ àìmọye sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 1885. Ó rí i pé ìgbàgbé máa ń yára gan-an ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò wá máa falẹ̀. Ó tún rí i pé bí a bá pín àtúnṣe sí ọjọ́ púpọ̀, ó máa ń gbé ṣe ju kí a kó o jọ sójú kan lọ. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Irinṣẹ́ méjì ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fún ọmọ fún èyí. Àkọ́kọ́ ni tàmútébù ìkàwé, ìyẹn ìwé ètò àkókò tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Èkejì ni àpótí káàdì, tí Sebastian Leitner ṣàlàyé nínú ìwé tó kọ lédè Jámánì ní 1972: ìbéèrè wà níwájú káàdì, ìdáhùn wà lẹ́yìn rẹ̀. Káàdì tí ọmọ bá gbà, á bọ́ sí yàrá kejì, tí a kì í ṣí lójoojúmọ́; èyí tó bá ṣì, á padà sí yàrá àkọ́kọ́. Ìyàtọ̀ wọn ni pé tàmútébù ń sọ ìgbà tí ọmọ yóò kàwé, kò sọ ohun tí yóò kà. Àpótí ń sọ ohun tí yóò kà, ó sì ń fi àkókò rẹ̀ sí ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó. Bí ẹ bá ní kí n yan ọ̀kan, àpótí ni màá yàn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tuntun, ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ àti òfin ìṣirò ló bá mu. Kò lè kọ́ ọmọ bí a ṣe ń kọ àròkọ tàbí bí a ṣe ń gbé ẹjọ́ kalẹ̀. Áàpù bí Anki ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn lórí fóònù, ó tiẹ̀ ń bá ọmọ ka ọjọ́. Ẹ kàn rántí pé inú fóònù kan náà ni eré àti ìtàkúrọ̀sọ wà. Bébà tí a gé kò ní ìyẹn nínú.

Ọ̀nà kan wà tí mo fẹ́ràn ju méjèèjì lọ, torí kò béèrè ìfaradà kankan lọ́wọ́ ọmọ. Ẹ fi ìbéèrè márùn-ún bẹ̀rẹ̀ kíláàsì kọ̀ọ̀kan: méjì láti inú ẹ̀kọ́ àná, méjì láti inú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan láti inú ti oṣù tó kọjá. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ péré. Ẹ̀yin lẹ ti bá wọn pín ìkàwé yẹn, àní ọmọ tí kì í ṣí ìwé nílé ń jẹ nínú rẹ̀.

Ìṣirò: oríṣi kan lẹ́ẹ̀kan, tàbí àdàpọ̀?

Ní 2007, Doug Rohrer àti Kelli Taylor kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń ṣírò ohun tí oríṣi ohun mẹ́rin lè gbà sínú. Àwọn kan ṣe oríṣi kan tán kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Wọ́n gba ìdá 89 nínú 100 nígbà ìdánrawò. Àwọn tó ṣe é ní àdàpọ̀ gba ìdá 60. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, àwọn àkọ́kọ́ wá sílẹ̀ sí ìdá 20, àwọn aládàpọ̀ sì gba ìdá 63.

Ẹni tó ń ṣe oríṣi kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá kò ronú nípa òfin tó yẹ ní lílò. Àkòrí orí ìwé ti sọ ọ́ fún un. Ìdánwò kì í sì í sọ ọ́. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ṣì jẹ́ tuntun, ẹ lo oríṣi kan. Láti ọjọ́ kẹta, ẹ dà á pọ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún àwọn ọmọ àti òbí wọn pé máàkì iṣẹ́ àṣetiléwá yóò wá sílẹ̀ fúngbà díẹ̀. Bí ẹ kò bá sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n á rò pé ẹ ti gbàgbé iṣẹ́.

Ẹ̀bùn àti àdéhùn pẹ̀lú ara ẹni

Ẹ̀bùn máa ń yá. Ẹ ṣèlérí bírò tuntun, gbogbo ọwọ́ á nà sókè. Ṣùgbọ́n ní 1973, Mark Lepper, David Greene àti Richard Nisbett lọ bá àwọn ọmọ kékeré tó fẹ́ràn àwòrán yíyà, wọ́n sì ṣèlérí ìwé ẹ̀rí fún àwọn kan bí wọ́n bá yà á. Nígbà tó yá tí kò sí ẹ̀bùn mọ́, àkókò tí àwọn wọ̀nyẹn ń lò nídìí àwòrán kò ju bí ìdajì ti àwọn yòókù lọ. Àwọn tí wọ́n fún ní ẹ̀bùn lójijì, láìṣèlérí, kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti fẹ́ràn ìwé tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀bùn ra ìfẹ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí kò sún mọ́ ìwé rárá lè gba ẹ̀bùn kékeré kan kó lè wọlé, kí ẹ sì tètè yọ ọwọ́ rẹ̀.

Èyí tí mo fi ń dípò ẹ̀bùn ni ohun tí Peter Gollwitzer ṣàlàyé ní 1999: ètò tó so iṣẹ́ mọ́ àkókò kan pàtó. Dípò kí ọmọ sọ pé "Màá máa kàwé gan-an," kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Bí mo bá ti fọ abọ́ alẹ́ tán, màá jókòó sídìí tábìlì, màá dáhùn ìbéèrè márùn-ún." Fífọ abọ́ ló ń pè é sídìí ìwé, kò ní dúró de ìgbà tí ọkàn rẹ̀ bá fẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kejì, ẹni tó ń dúró di alẹ́ ìdánwò, oògùn tirẹ̀ nìyí.

Ẹ ní sùúrù pẹ̀lú rẹ̀. Nínú ìwádìí tí Phillippa Lally àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní London ní 2010, ìpíndọ́gba ọjọ́ tó gba àwọn ènìyàn kí ìṣe tuntun tó di bárakú jẹ́ 66. Ó yá àwọn kan ní ọjọ́ 18, wọ́n sì fojú bù ú pé yóò gba àwọn mìíràn tó 254. Àwọn àgbàlagbà ni, ọ̀rọ̀ oúnjẹ, omi mímu àti eré ìdárayá ni wọ́n sì wò, kì í ṣe ìwé kíkà. Síbẹ̀, ó kọ́ mi láti má ṣe sọ̀rètí nù lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Wọ́n tún rí i pé ọjọ́ kan tí ènìyàn fò kò bà á jẹ́. Ẹ sọ ìyẹn fún ọmọ tó bá gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, kó má baà rò pé ó ti tán.

Aago àti iṣẹ́ kékeré

Francesco Cirillo, ọmọ Ítálì, ló bẹ̀rẹ̀ ọ̀nà ìṣẹ́jú 25 iṣẹ́, ìṣẹ́jú 5 ìsinmi, ní ìparí àwọn ọdún 1980 nígbà tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ó dára fún ẹni tó mọ ohun tó fẹ́ ṣe, àmọ́ tí ọkàn rẹ̀ ń ṣí kiri. Fún akẹ́kọ̀ọ́ kẹta wa, aago nìkan kò tó. Ìṣẹ́jú 25 láìmọ ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú 25 ìbànújẹ́ ni. Ẹ bá a gé iṣẹ́ náà, kí ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ kéré débi pé kò lè kọ̀ ọ́: "Ṣí ojú ìwé 14, kọ ìbéèrè kan nípa àwòrán tó wà níbẹ̀." Ìgbà tó bá ti wọra ni kí aago wá bẹ̀rẹ̀.

| Ohun tí ẹ rí | Ẹ kọ́kọ́ lo | Ẹ má tètè lò |
|---|---|---|
| Ó ń kàwé gan-an, kò rántí | Ìwé pípadé, bébà òfìfo | Àkàtúnkà, fífa ìlà |
| Alẹ́ ìdánwò nìkan ló ń kàwé | Àdéhùn "bí mo bá ti…", ìbéèrè márùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì | Ìbáwí, tàmútébù ara ògiri |
| Ó ń jókòó, kò bẹ̀rẹ̀ | Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tó kéré gan-an | Aago nìkan |
| Ó ń gba iṣẹ́ àṣetiléwá, ó ń kùnà ìdánwò | Ìbéèrè aládàpọ̀ | Àfikún oríṣi kan náà |
| Ẹ kò mọ ohun tó ń ṣe é | "Kí ló fà á?" ní ẹ̀gbẹ́ kan | Gbogbo ohun tó wà lókè yìí |

Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn fi wọ́n wéra

Àlàyé mi lórí iye tí àwọn onímọ̀ rí kò yí ọmọ púpọ̀ lọ́kàn padà rí. Èyí tó yí wọn padà ni èyí tí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣe. Ẹ yan àyọkà méjì tí gígùn àti líle wọn jọra. Ní ọjọ́ Ajé, kí gbogbo kíláàsì ka èkíní lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n ka èkejì lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n pa á dé, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Ẹ ní kí kálukú kọ èyí tó rò pé òun yóò mọ̀ jù sí ẹ̀yìn ìwé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò kọ èkíní.

Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí kálukú máàkì tirẹ̀, kó kọ iye méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tó sọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ má gba ìwé náà, ẹ má kọ máàkì wọn sílẹ̀. Ẹ fún wọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí wọ́n wo ohun tí wọ́n kọ, kí ẹ tó wá bi wọ́n bí wọ́n ṣe fẹ́ ka orí ìwé tó kàn.